Ínsúlínì Tó Ti Wọ Ara Kò Ṣeé Pè Padà

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kìíní, tó fẹ́ sáré ìje ní aago mẹ́wàá àárọ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún un láti alẹ́ àná, kò sì ní tán títí di òru ọjọ́ ìje fúnra rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń sáré á máa ro ẹsẹ̀, wọ́n á máa ro èémí, wọ́n á máa wo ẹni tó wà ní ìlà kejì. Òun náà á ṣe gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan á tún wà lọ́kàn rẹ̀: ínsúlínì mélòó ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lára mi báyìí?

Lára ẹni tí kò ní àrùn yìí, bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á dín in kù fúnra rẹ̀, ẹ̀dọ̀ki á sì máa tú ṣúgà tó ti kó pamọ́ sílẹ̀ fún iṣan. Oríṣi kìíní yìí ò tan mọ́ ṣúgà àjẹjù rárá. Ohun tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ àìsàn ló ṣìnà, tó pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì nínú pancreas, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tàbí pọ́ọ̀ǹpù ló ń gbé e wọlé láti ìta. Èyí tí a bá sì ti gún sábẹ́ awọ kò mọ̀ pé wọ́n ti fọn fèrè. Á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Iṣan tó ń sáré ní tirẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fa ṣúgà mu látinú ẹ̀jẹ̀ láìdúró de ínsúlínì. Ó di ẹnu méjì lórí àwo kan, ṣúgà á sì já wálẹ̀ kí ẹni náà tó fura. Gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí, torí àtiyanjú ìjà ẹnu méjì yẹn ni.

Pé ó ṣeé ṣe, a ò ní jiyàn lé e lórí. Gary Hall Jr., òmùwẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, gbọ́ ní 1999 pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kìíní. Ní Olympics Sydney ní 2000, òun àti Anthony Ervin jọ fọwọ́ kan ògiri pọ̀ nínú ìje 50m, ìṣẹ́jú-àáyá 21.98 fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ gba góòlù. Ní Athens ní 2004, ó tún gba góòlù ìje kan náà, òun nìkan lọ́tẹ̀ yìí. Steve Redgrave ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń wa ọkọ̀ ìje lójú omi, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìtọ̀ ṣúgà ní 1997 lẹ́yìn góòlù Olympics mẹ́rin. Ó gba ìkarùn-ún ní Sydney pẹ̀lú ínsúlínì lára. Nacho Fernández jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tí dókítà àkọ́kọ́ sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ti parí. Dókítà kejì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Champions League mẹ́fà ló gbà pẹ̀lú Real Madrid. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún Team Novo Nordisk, gbogbo wọn pátá ló ní oríṣi kìíní, wọ́n sì ti gun Milan–San Remo, ìje tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300km lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ó yá, ká wọ inú iṣẹ́. Mg/dL ni mo máa fi ka ṣúgà. Bó bá jẹ́ mmol/L ni ẹ̀rọ tìrẹ ń kọ, pín iye tí mo bá dá sí 18. Kí dókítà rẹ sì mọ̀ kó o tó yí ohunkóhun padà, torí ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ nìwọ̀nyí jẹ́. Ara kálukú ló ń sọ ibi tó máa parí sí.

Oúnjẹ àárọ̀ ló máa ń ba ìje jẹ́ jù. Sọ pé o fi iṣu sísè 300g sórí òṣùwọ̀n. Iṣu sísè ní nǹkan bíi 27g èròjà afáralókun (èyí tí wọ́n ń kọ sára páálí ní carbohydrate) nínú 100g, torí náà nǹkan bíi 80g lo fẹ́ jẹ yẹn. Bó bá jẹ́ yúnìtì kan fún 10g ni dókítà fún ọ, yúnìtì 8 nìyẹn lọ́jọ́ tó o bá jókòó sílé. Ṣùgbọ́n tí o bá máa sáré níwọ̀nba fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ yẹn, ìdajì ni: 4. Bó bá jẹ́ wákàtí kan gbáko, ìdá kan nínú mẹ́rin ni: 2. Ẹni tó gún 8 pé, tó wá lọ sáré wákàtí kan, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ ṣubú. Ti eré àṣekúdórógbó kúkúrú yàtọ̀, irú 100m tàbí irin gbígbé: ìyẹn kì í sábà fẹ́ àdínkù, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Èyí tó dáa jù ni kó o jẹun ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ìje. Ínsúlínì ayára-ṣiṣẹ́ tuntun máa ń le jù ní bíi wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì ti lọ kí aago mẹ́wàá tó lù fún ẹni tó gún un ní aago mẹ́fà.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dọ̀ wa ni kì í lo ìyẹn. Àdàlù 70/30 (ìdá 70 tó lọ́ra, ìdá 30 tó yára, nínú ìgò kan) ló wọ́pọ̀ nítorí owó, ibẹ̀ sì ni àwọn ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ fún àwọn ará Yúróòpù ti máa ń ṣini lọ́nà. Èyí tó yára nínú àdàlù yẹn máa ń le jù ní wákàtí méjì sí mẹ́rin, èyí tó lọ́ra á tẹ̀ lé e láti wákàtí kẹrin lọ. Ka aago mẹ́fà àárọ̀ wá sí aago mẹ́wàá, wàá rí i pé orí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n pàdé sí. Kò sì sí bí o ṣe lè dín ọ̀kan kù kí ìkejì má dín, torí inú ìgò kan náà ni wọ́n wà. Tí eléré kan bá ti ń dé ìpele orílẹ̀-èdè, ohun àkọ́kọ́ tí mo rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ náwó lé ni ínsúlínì ọlọ́nà méjì, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún gbogbo ọjọ́, kí wọ́n tó ra bàtà olówó ńlá fún un.

Ti ẹni tó bá ń lo pọ́ọ̀ǹpù, ẹ̀rọ kékeré tó ń kán ínsúlínì sára láìdúró, rọrùn díẹ̀. Á dín èyí tó ń kán yẹn kù ní ìdajì sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ní 60 sí 90 ìṣẹ́jú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n fọn fèrè ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dín in, ó ti pẹ́ jù. Èyí tó kán ní wákàtí kan sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn òmùwẹ̀ àti àwọn tó ń ja jùdó máa ń yọ ọ́ kúrò pátápátá, kò sì yẹ kó kọjá wákàtí méjì, nítorí ẹni tó wà lórí pọ́ọ̀ǹpù kò ní ínsúlínì mìíràn lára tó máa gbà á sílẹ̀.

Tó bá ku bí ìdajì wákàtí, yẹ ṣúgà wò. Láàárín 126 sí 180 ni wọ́n ń fẹ́ fún eré gígùn. Tó bá wà lábẹ́ 90, mu gúlúkọ́ọ̀sì 10 sí 20g, kó o sì dúró títí yóò fi kọjá 90. Bó bá jẹ́ 90 sí 124, 10g kó o tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ju 270 lọ láìjẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun, yẹ kétónì wò nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ohun tó ń pọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ara bá ń jó ọ̀rá dípò ṣúgà. Kétónì tó bá ti tó 1.5 mmol/L túmọ̀ sí pé ara ò ní ínsúlínì tó, eré sì máa mú un burú sí i: kò sí ìje fún ọ lọ́jọ́ yẹn. Láti 0.6 sókè, wá ìdí rẹ̀ kó o sì tún un ṣe ná. Ọ̀pọ̀ ìgbà, okùn pọ́ọ̀ǹpù tó kákò tàbí ínsúlínì tí oòrùn ti bà jẹ́ ló ń fà á.

Má sì wo iye nìkan, wo ibi tó kọjú sí. 130 tó ń gòkè àti 130 tó ń já bọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá á fi ọfà hàn ọ́, ṣùgbọ́n omi abẹ́ awọ ló ń wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbẹ́yìn nígbà tí ṣúgà bá ń sáré wálẹ̀. Tó bá ń kọ 85 pẹ̀lú ọfà tó dorí kodò láàárín eré, gbà pé ẹ̀jẹ̀ ti wà ní 70 tàbí kó ti kọjá ibẹ̀.

Nínú eré tó bá ju wákàtí kan lọ, 30 sí 60g èròjà afáralókun ní wákàtí kan ló yẹ kó wọlé. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ máa ń dé 90g, ṣùgbọ́n inú gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ nígbà ìdánrawò. Omi tí o lè pò fúnra rẹ: omi tó mọ́ lítà kan, ṣúgà 60g, iyọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí ìmutíì. Mu 250ml ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, 45g nìyẹn láàárín wákàtí kan. Má fi ojú wọn ṣúgà náà; ṣíbí tó kún dẹ́dẹ́ àti èyí tó kún gègèrè lè fi ìlọ́po méjì yàtọ̀ síra.

Wàyí o, ìdàkejì. Kóòṣì á sọ pé, "Oúnjẹ kan náà, yúnìtì kan náà, nígbà ìdánrawò ó jẹ́ 140, lónìí ó di 250, kí lo jẹ níkọ̀kọ̀?" Kò jẹ nǹkan kan. Ẹ̀rù ìje ni. Adrenaline tó ń mú kí àyà já máa ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ki pé kó tú ṣúgà jáde, eré ipá náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀: sísá eré kúkúrú tagbáratagbára, irin gbígbé, ìjàkadì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹni náà rí 250, kó gún iye tí wọ́n ń fi wálẹ̀ ní ọjọ́ gbogbo, kí adrenaline wá lọ lẹ́yìn ìje, kí ínsúlínì náà ṣẹ́kù, kó sì wà ní 55 nínú bọ́ọ̀sì lọ́nà ilé. Tó bá jẹ́ dandan kó gún un, kó má ju ìdajì lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, sísá díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́yìn ìje á mú un wálẹ̀ láìsí abẹ́rẹ́ kankan.

Àwọn kan ti sọ ìwà adrenaline yìí di irinṣẹ́. Bí ṣúgà bá fẹ́ já níparí ìdánrawò, eré àsápajúdé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Kò dípò gúlúkọ́ọ̀sì, ó kàn ń ra àkókò ni. Bọ́ọ̀lù ló le jù ní ìṣirò, torí ó da eré ipá pọ̀ mọ́ rírìn àti sísá jẹ́jẹ́: ṣúgà á gòkè, á sọ̀, kò sì sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tó dọ́gba. Nígbà ìsinmi ìlàjì, kó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bó bá ti jókòó, kì í ṣe lẹ́yìn tí kóòṣì bá sọ̀rọ̀ tán, kí ohun tó bá mu lè rí àyè wọ ara.

Kó sì fọ ọwọ́ kó tó gún ìka. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n mo kà á sí ọ̀kan lára àwọn tó léwu jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn, tàbí tí omi ṣúgà ta sí lọ́wọ́, tó wá gún ìka náà, ẹ̀rọ lè kọ 220 nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wà ní 75. Ó sì ṣe tán láti gún ínsúlínì lé e. Bí kò bá sí omi nítòsí, kó nu ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ dànù, kó fi èkejì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí wọ́n gún náà ní iṣẹ́. Ínsúlínì tí sárésáré gún sí itan kó tó jáde máa ń yára wọlé ju bó ti yẹ lọ, torí ẹ̀jẹ̀ ń sáré níbẹ̀. Ikùn ló dáa lọ́jọ́ ìje. Má sì gún ojú kan náà lójoojúmọ́. Awọ á wú bí kókó, ínsúlínì tó bá wọ inú kókó yẹn á máa wá nígbà tó bá wù ú.

Ooru ni ọ̀tá ínsúlínì. Èyí tí a kò tíì ṣí ń fẹ́ 2 sí 8°C. Èyí tí a ti ń lò, púpọ̀ nínú wọn lè wà níta fún ọjọ́ 28 bí ooru kò bá ju 30°C lọ, ẹ ka ara páálí. Inú mọ́tò tí wọ́n ti pa sínú oòrùn ní pápá ìdánrawò ju ìyẹn lọ fíìfíì. Níbi tí iná kò dúró, ìkòkò amọ̀ bí àmù ṣì ń ṣiṣẹ́: ìkòkò kékeré nínú ńlá, yanrìn tútù láàárín méjèèjì, aṣọ tútù lórí, kí ínsúlínì wà nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀. Lásìkò ọyẹ́ á tutù dáadáa, torí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi ń yára gbẹ kúrò lára amọ̀. Lásìkò òjò agbára rẹ̀ dín kù gan-an, ẹ má gbójú lé e nígbà yẹn. Ọ̀nà kejì tí wọ́n fi ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n tì í mọ́ yìnyín nínú kúlà. Ínsúlínì tó bá ti dì, ẹ sọ ọ́ nù kódà bó bá yọ́ tó sì mọ́ lójú.

Lẹ́yìn ìje, iṣan tó ti ná ṣúgà ìpamọ́ rẹ̀ tán á bẹ̀rẹ̀ sí kó òmíràn jọ, láti inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ti ń kó o. Fún wákàtí 24, nígbà mìíràn 48, ínsúlínì díẹ̀ á máa ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ẹni tó díje ní ìrọ̀lẹ́, òru ló máa rí i. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí yúnìtì oúnjẹ tó tẹ̀ lé ìje dín kù dé ìdajì, kí ínsúlínì ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti alẹ́ yẹn dín ní ìdá kan nínú márùn-ún, kí ó sì jẹ nǹkan kó tó sùn: 0.4g èròjà afáralókun fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọn 60kg, 24g ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n kò jìnnà sí i. Kó fi aago sí 2 òru. Kò gbọdọ̀ fi bíà ṣe àjọyọ̀ ní àfojúdi: ẹ̀dọ̀ki tó ń bá ọtí jà kì í ráyè tú ṣúgà sílẹ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn kóòṣì kì í sábà mọ̀. Bí ṣúgà bá já lóru òní, ara kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo bó bá tún já lọ́la. Òógùn á dín, gbígbọ̀n á dín. Nínú ìdíje tó jẹ́ ojoojúmọ́, irú tẹ́níìsì tàbí kẹ̀kẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, èyí ló ń mú ọjọ́ kejì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìwé náà wà. WADA, àjọ tó ń gbógun ti òògùn olóró nínú eré ìdárayá lágbàáyé, fi ínsúlínì sínú àwọn ohun tí a kò gbọ́dọ̀ lò nígbàkígbà, ọjọ́ ìje tàbí ọjọ́ ìsinmi. Eléré tó ń lo ínsúlínì nítorí ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ gba TUE, ìwé àṣẹ láti fi ohun tí òfin kà léèwọ̀ tọ́jú àìsàn. Ẹni tó ń díje lábẹ́lé, àjọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló ń kọ̀wé sí. Ẹni tó ti dé ìpele àgbáyé, àjọ àgbáyé eré rẹ̀ ni. Dókítà á kọ orúkọ àrùn, èsì àyẹ̀wò tó fi mọ̀ ọ́n, orúkọ ínsúlínì kọ̀ọ̀kan àti iye tí ó ń lò. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdíje, ẹ tọ́jú ẹ̀dà sínú fóònù àti sínú àpò. Metformin, tí ọ̀pọ̀ àwọn olóríṣi kejì ń lò, kò sí nínú òfin yẹn. Bó bá jẹ́ òru àná ni wọ́n gbé eléré dé ilé ìwòsàn tí wọ́n wá rí i pé oríṣi kìíní ni, kí wọ́n fún un ní ínsúlínì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òfin fàyè gbà á kí ìwé tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àmọ́ ìwé nìkan kò tó. Ní Roland Garros, ìdíje tẹ́níìsì ní Paris, ní 2023, Alexander Zverev, agbá-tẹ́níìsì ọmọ Jámánì tó ti ní àrùn yìí láti ọmọ ọdún mẹ́rin, sọ fún àwọn oníròyìn pé wọ́n ní òun kò gbọdọ̀ gún abẹ́rẹ́ lórí pápá, àfi kí òun jáde. Ẹ tètè bá adarí ìdíje sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé: ibo ló ti máa gún un, ibo ni àpò máa wà, ṣé fóònù tó ń ka sẹ́ńsọ̀ lè wọ pápá.

Àpò náà ńkọ́? Ẹ̀rọ ayẹ̀jẹ̀ méjì, ínsúlínì méjì ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìwé àyẹ̀wò kétónì, gúlúkọ́ọ̀sì tó tó 60g, glucagon (òògùn tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ki tú ṣúgà sílẹ̀) bó bá wà. Kí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ mọ ibi tí ó wà.

Torí pé ẹlòmíràn ló máa kọ́kọ́ rí i. Òógùn àti àyà tó ń lù kìkì ni àmì ṣúgà tó já, òun náà sì ni àmì ẹni tó ń sáré, nítorí náà eléré lè má mọ ìyàtọ̀. Ẹ wo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ òdì-kejì láìnídìí, tó ń pẹ́ kó tó dáhùn ọ̀rọ̀, tí inú bí láìsí ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ má rò pé ó mutí. Ẹ mú un jáde, 15g: ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́rin nínú omi, tàbí 150ml mínírà tí ṣúgà rẹ̀ tó 10g nínú 100ml. Ẹ ka ara ìgò, torí ọ̀pọ̀ wọn ti dín ṣúgà kù, ti "zero" kò sì wúlò rárá. Àkàrà, ẹ̀pà àti ṣokoléètì kọ́ ni ohun tí ẹ máa fún un, ọ̀rá inú wọn ń fa ṣúgà sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú 15, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bí kò bá tíì ju 70 lọ, 15g mìíràn.

Tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe oyin. Ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gún un ní glucagon 1mg bí ẹ bá ní in, kí ẹnìkan sì ti máa pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn eré gígùn, glucagon lè má ṣiṣẹ́ tó, torí ẹ̀dọ̀ki tó máa tú ṣúgà sílẹ̀ ti tú tirẹ̀ tán. Kódà bó bá jí, tó dìde, tó ní ara òun ti yá, kò gbọdọ̀ padà sórí pápá láàárín wákàtí 24, bó ti wù kó jẹ́ àṣekágbá.